Onígun mẹ́ta kan, ìdáhùn méjì: ta ló ṣìnà nínú èmi àti ọmọ mi?

Ìyá Ìbejì Akẹ́sán béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá wa lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé, ní tòsí ọjà Akẹ́sán, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà sì ni ilẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Bàbá wa ni ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún wa lẹ́bàá ọ̀nà, onígun mẹ́ta ni, kò ní igun kẹrin. Ohun mẹ́ta ni ó ń fi ààlà rẹ̀ hàn: igi máńgòrò kan tí ó wà létí ọ̀nà, afárá kékeré tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí òun náà wà létí ọ̀nà, àti pérégún tí bàbá wa gbìn sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pé kí a pín ilẹ̀ náà délẹ̀, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó wà nílé lọ fi téèpù wọ̀n ọ́n kí a lè mọ bí ó ti tó.

Láti ìdí máńgòrò dé orí afárá jẹ́ 40 mítà. Láti orí afárá dé ìdí pérégún jẹ́ 25 mítà. Ẹ̀gbẹ́ kẹta, tí ó ti ìdí máńgòrò lọ sí ìdí pérégún, kò ṣeé wọ̀n, nítorí pé wèrèpè ni ó kún ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ ọ́ fún mi gbangba pé òun kò lè torí ìṣirò wọ inú wèrèpè. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dúró ní ìdí máńgòrò, ó fi fóònù rẹ̀ wọn igun tí ó wà láàárín ojú ọ̀nà àti pérégún tí ó ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì ní 30° ni.

Mo rántí òfin sáìnì tí wọ́n kọ́ wa ní girama. Mo pe ìdí máńgòrò ní M, mo pe afárá ní A, mo sì pe pérégún ní P. Ìṣirò tí mo ṣe nìyí:

sin P = 40 × sin 30° ÷ 25 = 20 ÷ 25 = 0.8

Ẹ̀rọ ìṣirò sọ pé P jẹ́ 53.13°. Nígbà tí mo yọ èyí àti 30° kúrò nínú 180°, ó ku 96.87° fún igun A. Mo wá fi ìyẹn wá ẹ̀gbẹ́ tí wèrèpè bò:

MP = 25 × sin 96.87° ÷ sin 30° = 49.64 mítà

Mo gbé e fún ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní SS2 pé kí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Òun kò lo òfin sáìnì rárá. Ó ya ilẹ̀ náà sórí ìwé, ó jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 5 mítà, ó fi protractor wọn 30°, ó sì fi kọ́ńpáàsì gé ẹ̀gbẹ́ tí ó ti ibi afárá wá. Nígbà tí ó fi rúlà wọn MP, 3.9 sẹ̀ǹtímítà ni ó bá, èyí tí í ṣe 19.5 mítà lórí ilẹ̀. Igun P tí ó wọ̀n tó 127°. Mo kọ́kọ́ bá a wí pé kò fara balẹ̀. Ó tún un yà lójú mi, ohun kan náà ni ó bá. Mo tún tèmi ṣe, tèmi náà kò yí padà. Ta ló ṣìnà nínú àwa méjèèjì? Ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta mítà àti èyí tí kò tó ogún kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, pàápàá níwájú àwọn ìbátan tí wọ́n fẹ́ pín in.

Tíṣà Afẹ̀yìntì dáhùn pé:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè pe ọmọ náà kí ẹ tù ú nínú, nítorí pé kò ṣìnà. Ẹ̀yin náà kò ṣìnà. Ohun mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n yín wọ̀n wá fún yín bá onígun mẹ́ta méjì mu, ẹ̀yin mú ọ̀kan, ọmọ yín sì mú èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi okùn ṣe é. Kí ẹnì kan dúró lórí afárá kí ó di orí okùn tí ó gùn ní 25 mítà mú, kí ẹlòmíràn sì fa ìdí okùn náà kí ó le dáadáa, kí ó máa rìn bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn ṣe máa ń yí èèkàn po. Kí ẹ wá fi ojú inú wo ìlà kan tí ó ti ìdí máńgòrò lọ tààrà sí apá ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti rí pérégún. Ẹni tí ó ń fa okùn yóò pàdé ìlà yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ibi kan yóò jẹ́ 19.64 mítà sí ìdí máńgòrò, ibi kejì yóò sì jẹ́ 49.64 mítà. Kò sí èyí tí kò jẹ́ 25 mítà sí afárá nínú méjèèjì, kò sì sí èyí tí ẹni tí ó dúró ní ìdí máńgòrò kò ní rí ní 30°. Báwo wá ni ìwé yóò ṣe mọ èyí tí bàbá yín gbin pérégún sí?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn nọ́ńbà yẹn ti wá, ẹ ti ibi afárá fa ìlà kan lọ bá MP kí ó gún un ní 90°. Ìlà yìí ni ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láti afárá dé MP. Bí a bá wò ó láti ìdí máńgòrò, gígùn rẹ̀ jẹ́ 40 × sin 30°, tí í ṣe 20 mítà. Bí a bá wo ìlà kan náà láti ìdí pérégún, gígùn rẹ̀ jẹ́ 25 × sin P. Níwọ̀n bí ìlà kan ṣoṣo ti ni, 25 × sin P gbọ́dọ̀ jẹ́ 20, òun ni sin P fi jẹ́ 0.8. Òfin sáìnì kò jù báyìí lọ: ìlà kan tí a wò láti igun méjì. Mo kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí ó sì máa ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ a há a sórí láìmọ̀ pé ohun tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ni ó wà nídìí rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ìlà tí a fà yìí yóò kan MP ní ibi tí ó jẹ́ 40 × cos 30° sí ìdí máńgòrò, èyí ni 34.64 mítà. Láti ibẹ̀ dé ibi tí okùn ti kan MP, ẹ lo òfin Pythagoras: okùn jẹ́ 25, ìlà jẹ́ 20, 625 yọ 400 kúrò ó ku 225, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 15. (Ẹ wò ó pé 15, 20 àti 25 yìí ni 3, 4 àti 5 tí àwọn birikilà fi ń mú kí igun ilé jẹ́ 90°, tí a sọ di ìlọ́po márùn-ún.) Mítà 15 yẹn lè wà níhìn-ín, ó lè wà lọ́hùn-ún: 34.64 yọ 15 kúrò jẹ́ 19.64, 34.64 àti 15 jẹ́ 49.64. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn méjèèjì, níwọ̀n bí wọ́n ti gùn dọ́gba, ṣe dúró bí ẹsẹ̀ òrùlé, tí igun ìsàlẹ̀ wọn sì dọ́gba, 53.13° lápá kìn-ín-ní àti 53.13° lápá kejì. Igun tí ọmọ yín wọ̀n ni ó wà ní ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn, òun ni ó fi jẹ́ 180 yọ 53.13, tí ó ku 126.87°. Sáìnì àwọn igun méjèèjì jẹ́ 0.8.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Bí okùn yín bá kúrú ju 20 mítà lọ, kò ní kan ìlà náà rárá, kò sì ní sí onígun mẹ́ta kankan. Bí ó bá jẹ́ 20 géérégé, yóò kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, P yóò sì jẹ́ 90°. Bí ó bá ti tó 40 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ni ó kù, nítorí pé ibi kejì ti bọ́ sí ìdí máńgòrò fúnra rẹ̀ tàbí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àárín 20 àti 40 ni ìdáhùn ti ń di méjì, ibẹ̀ gan-an ni 25 yín bọ́ sí.

Ní ayé tiwa, ìwé four-figure ni a ń lò, tábìlì inú rẹ̀ kì í sì í kọjá 90°. Nítorí ìyẹn ni olùkọ́ wa ṣe máa ń mú wa pe 180 yọ igun náà kúrò títí tí ẹnu fi ń dá wa. Ẹ̀rọ tí ẹ ń lò lónìí kò pe ohunkóhun. Ó fún yín ní igun kan, ó sì dákẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ohun kékeré ni mo fẹ́ fi kún un. Nígbà tí a bá tẹ sin⁻¹ (bọ́tìnnì tí ó ń sọ sáìnì padà di igun) lórí ẹ̀rọ ìṣirò, àárín −90° sí 90° nìkan ni ó ti ń mú ìdáhùn wá, nítorí náà, kò lè sọ 126.87° fún ẹnikẹ́ni láéláé. Cos⁻¹ kò rí bẹ́ẹ̀, àárín 0° sí 180° ni tirẹ̀, èyí tí í ṣe gbogbo ibi tí igun onígun mẹ́ta lè wà. Bí cos bá jẹ́ nọ́ńbà òdì, igun náà ju 90° lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìn pé bí ẹ bá ti mọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òfin kọ́sáìnì ni kí ẹ fi wá igun tí ó tóbi jù lọ ná, ìyẹn igun tí ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jù. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lè lo sáìnì fún ìyókù láìsí ewu.

Kí ẹ sì máa yẹ ẹ̀rọ yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ sin 30. Bí kò bá mú 0.5 wá, kò sí ní dígírì. Bí ó bá wà ní RAD (rédíánì, ọ̀nà mìíràn tí a fi ń wọn igun), −0.988 ni yóò mú wá. Mo ti rí ọmọ tí ó ṣe ìṣirò dáadáa láti òkè dé ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ sì bàjẹ́ nítorí lẹ́tà mẹ́ta yẹn.

Ṣùgbọ́n, sà, ẹ jọ̀wọ́, n kò fara mọ́ yíyà tí ọmọ náà yà á. Rúlà ni ó fún un ní 3.9 nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ 3.93, èyí sì ti gbé 14 sẹ̀ǹtímítà lọ lórí ilẹ̀. Ìṣirò ni ó yẹ kí a gbára lé.

Tíṣà Afẹ̀yìntì dáhùn pé:

Ọmọ mi, òótọ́ ni ohun tí o sọ lórí cos⁻¹, mo sì dúpẹ́. Lórí ti yíyà, ẹni tí ó pàdánù 14 sẹ̀ǹtímítà ṣì sàn ju ẹni tí ó pàdánù 30 mítà lọ. Ìwọ̀n tí ó wà láàárín ìdáhùn ìyá àti ti ọmọ jẹ́ nǹkan bíi 30 mítà, bí ọmọ náà kò bá sì yà á, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ pé ìdáhùn kejì wà. Àwòrán ni ó ń sọ irú onígun mẹ́ta tí a ní lọ́wọ́, ìṣirò a wá sọ bí ó ti gùn tó.

Afàtéèpù-wọnlẹ̀ dáhùn pé:

Ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, mo sì ti bá àwọn súfẹ́yọ̀ gbé téèpù àti òpó fún ọdún díẹ̀. Ohun tí àwọn tí ó ṣáájú sọ dára, ṣùgbọ́n lójú tèmi, igun tí ẹ̀gbọ́n yín wọ̀n gan-an ni kò bójú mu. Ẹ̀gbẹ́ méjì tí ẹ ní lọ́wọ́ pàdé lórí afárá. Orí afárá ni ó yẹ kí ó ti wọn igun, kì í ṣe ìdí máńgòrò. Bí igun bá ti wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjì tí a mọ̀, onígun mẹ́ta kan ṣoṣo ni ó lè jáde, kò sí ìjà kankan mọ́.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí ó tún fi fóònù wọ̀n ọ́n. Téèpù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Kí ó dúró lórí afárá, kí ó wọn 3 mítà lọ sí apá máńgòrò kí ó rí èèkàn kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Kí ó tún wọn 3 mítà lọ sí apá pérégún kí ó rí èèkàn kejì. Kí ó wá wọn àlàfo tí ó wà láàárín èèkàn méjèèjì. Bí ẹ bá pín àlàfo náà sí ọ̀nà 6, ohun tí ó bá jáde ni sáìnì ìdajì igun A. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ jàre, àlàfo náà yóò súnmọ́ 4.49 mítà. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ni, kò ní ju 1.20 mítà lọ. Ẹni tí kò mọ ìwé rárá yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ká sọ tòótọ́, bí ẹ bá tẹ ẹ̀gbọ́n yín láago nísinsìnyí kí ẹ bi í bóyá èèyàn ní láti yíjú gidi lórí afárá láti ibi máńgòrò kí ó tó rí pérégún, ẹ ó ti mọ ìdáhùn kí owó ìpè tó tán.

Ìdí mìíràn tún wà. Igun ìdí máńgòrò máa ń sọ àṣìṣe kékeré di ńlá. Bí fóònù bá ṣi 1° péré, tí ó jẹ́ pé 31° ni igun náà, MP tí ẹ pè ní 49.64 yóò di 48.45, mítà kan àti díẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé igun A ni a ṣì ní 1°, MP kò ní yẹ̀ ju nǹkan bíi 35 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kọ́ńpáàsì inú fóònù sì lè ṣi ju 1° lọ dáadáa, àgàgà bí irin tàbí ọkọ̀ bá wà nítòsí.

Bí ẹ bá ti rí igun A, òfin kọ́sáìnì ni kí ẹ lò:

MP² = 40² + 25² − 2 × 40 × 25 × cos A

Ìwọ̀n ojú ilẹ̀ náà yóò jẹ́ ìdajì 40 × 25 × sin A. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìṣirò tiyín ojú ilẹ̀ náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 496.4, nínú ti ọmọ ó jẹ́ 196.4. Plọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 jẹ́ nǹkan bíi 464.5. Ẹ̀yin ń sọ pé ilẹ̀ náà ju plọ́ọ̀tì kan lọ díẹ̀, ọmọ yín ń sọ pé kò tó ìdajì plọ́ọ̀tì. Ẹ má ṣe dá ẹnu lé pínpín rẹ̀ kí ẹ tó mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́.

Ìyá Ìbejì Akẹ́sán padà wá:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bẹ ọmọ náà, mo sì ra súyà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi padà lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú èèkàn méjì, àlàfo tí ó wọ̀n jẹ́ 4.40 mítà. Ọmọ mi ni ó ṣe ìyókù, èmi ń wò ó:

4.40 ÷ 6 = 0.7333
ìdajì igun A = 47.17°
A = 94.33°
MP² = 1600 + 625 − 2000 × cos 94.33° = 2376
MP = 48.74 mítà

Ó ṣàlàyé fún mi pé nítorí tí cos 94.33° jẹ́ nọ́ńbà òdì ni a fi rò ó mọ́ 2225 dípò kí a yọ ọ́ kúrò. Ibẹ̀ ni èmi ì bá ti ṣubú. Ojú ilẹ̀ náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 498.6. Ó tún wá igun ìdí máńgòrò padà, ó bá 30.76°, nítorí náà fóònù ẹ̀gbọ́n mi ti jí díẹ̀ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ. Igun P kù sí 54.91°.

Ohun kan ṣì ń yà mí lẹ́nu: kí ló dé tí kọ́ńpáàsì ọmọ náà kò fi ibi kejì hàn án, nígbà tí ó yà á lẹ́ẹ̀mejì lójú mi? Ó lọ mú ìwé àkọ́kọ́ wá. Ìlà tí ó fà láti ìdí máńgòrò kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ó gbé rúlà lé e, ó fà á gùn, ó tún kọ́ńpáàsì gbé sí ojú ibi afárá, ó sì gé e ní 9.9.

Afàtéèpù-wọnlẹ̀ dáhùn pé:

Ó dára bẹ́ẹ̀, ìyá wa. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe pláànì ilẹ̀ o. Kí ẹ tó pín in, súfẹ́yọ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ ni yóò wá ri òpó mọ́ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó sì buwọ́ lu pláànì. Kí ẹ̀gbọ́n yín kàn wá ẹni tí yóò ṣán wèrèpè yẹn kí ó tó dé, ní àárọ̀ tí ìrì bá ṣì wà lára rẹ̀.